Kí lojú yín rí lójú ọ̀nà tó jẹ́ kí ẹ mọ ọkọ̀ yín dáadáa?

Déọlá Àkúrẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ra Corolla tòkunbọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Tọ́tù, bíréèkì, jíà, ìyẹn ò le. Àmọ́ oríṣiríṣi iná ló ń tàn níwájú awakọ̀, bọ́tìnnì pọ̀, aǹtí sì ń bi mí léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lórí ìrìn, ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ fojú ara yín rí. Ìtàn máa ń wọ̀ ọ́ létí ju òfin lọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ́síì ni kí o kọ́kọ́ kọ́ ọ. Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ọkọ̀ kún, gbogbo wíńdò wà ní títì. Kò pẹ́ tí gíláàsì iwájú fi funfun báláú látinú. Wáípà ń ṣiṣẹ́ lóde, kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Dírẹ́bà mú aṣọ, ó ń fi ọwọ́ kan nù ún, ó ń fi ọwọ́ kejì wakọ̀, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Mo ní kó tan ẹ́síì, kó darí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí gíláàsì, kó sì pa bọ́tìnnì tó máa ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, kí ti ìta lè wọlé. Kíá ni gíláàsì mọ́. Èémí wa ló ń di omi lára gíláàsì tútù, ẹ́síì ló ń gba omi yẹn kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí ooru nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é.

Sàláù Ọjà Ọba
Ẹ́síì nínú òjò? Òtútù ò mú àwọn ìbejì?

Ìyá Ìbejì
Ẹ yí i sí apá ooru, ẹ má pa á. Á ṣì máa gba omi náà.

Ọmọ Ẹfọ̀n
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fíríì, ìyẹn N lára jíà, tí ẹ́ńjìnnì àti táyà kì í so pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ òkè Ẹfọ̀n á mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń da gẹ̀rẹ́ tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní ìhà Ìjẹ̀ṣà, kọ́nà lé kọ́nà, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Ọkọ̀ akérò kékeré kan la wọ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, dírẹ́bà ti jíà sí fíríì, ó ní òun ń ṣọ́ epo lò. Ó wá di pé bíréèkì nìkan ló ń di ọkọ̀ mú. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo rí i tó tẹ bíréèkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì wọlé títí tó fi kan ilẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń pe Jésù, wọ́n ń pe Ọlọ́run Allah.

Bàbá kan wà lẹ́yìn tó ti wa tírélà rí. Kò pariwo. Ó kàn ní: “Ọmọ mi, dá a padà sí D. Ó yá, fà á sí 2. Máa tẹ bíréèkì, kí o máa tú u sílẹ̀, má dúró lé e.” Ẹ́ńjìnnì ké gooro, mo rò pé ó máa fọ́, àmọ́ eré ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó fà á sí L, jíà tó kéré jù, ó ń rọra gbé hándì bíréèkì sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì forí ọkọ̀ lé koríko apá òkè, kì í ṣe apá ọ̀gbun. A dúró.

Nígbà tó tutù tán, bíréèkì padà sípò bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù, torí dírẹ́bà ní kí a wọlé kí a máa lọ.

Gbénga O.
Ara mi bù máṣọ bí mo ṣe ń kà á. Ẹ ò tún wọ ọkọ̀ náà, àbí?

Ọmọ Ẹfọ̀n
Bàbá yẹn ni kò gbà. Ó ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó fi ọ́ìlì bíréèkì han òun. Ó ti dúdú kirikiri. A san owó ọkọ̀ míì.

Mẹ́káníìkì Ọ̀ṣogbo
Kí Ọlọ́run fún bàbá yẹn ní ẹ̀mí gígùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń pẹ́. Tí bíréèkì bá gbóná jù, omi yẹn á hó, á di oru omi. Ọ́ìlì kì í sún kì, oru omi máa ń sún kì, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi rì wọlé. Tó bá tutù, oru náà á padà di omi, ẹ ó rò pé àlàáfíà ti dé. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì, kò wọ́n. Ẹ́ńjìnnì tó ké yẹn ò ní nǹkan kan, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe: jíà kékeré ló jẹ́ kó máa di ọkọ̀ mú.

Alájọ Mọ́tò
Mo gbọ́ ìtàn yín, àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru dírẹ́bà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí jálá epo tó jẹ́ bíi ₦190 fò kọjá ₦480, ta ni kò máa wá ọgbọ́n dá? Fíríì ti wà tipẹ́. Ẹni tó bá mọ bíréèkì í lò á lò ó.

Mẹ́káníìkì Ọ̀ṣogbo
Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín kẹ́dùn lórí owó epo. Àmọ́ fíríì gan-an ló ń jẹ epo yín. Ọkọ̀ òde òní tó ń lo injector, tí kọ̀ǹpútà ń darí bó ṣe ń fọ́n epo, tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, tí jíà wà ní D, tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á ti epo pa. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn. Tí ẹ bá ti i sí fíríì, táyà ò yí i mọ́, ó di dandan kó jó epo kó má baà kú.

Alájọ Mọ́tò
Mi ò gbà. Gééjì ò lè máa purọ́ fún mi láti ọdún yìí wá.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà, ẹ ò kàn jọ wa irú ọkọ̀ kan náà ni. Láyé kábúrétọ̀, tí kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí epo, fíríì máa ń ṣọ́ epo díẹ̀. A tilẹ̀ ní àwọn tó ń wa Peugeot 504 tí wọ́n á pa kọ́kọ́rọ́ pátápátá tí wọ́n bá dé orí òkè. Ẹ má ṣe é láé. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ohun tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ti kú nìyẹn. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà á le gbagidi. Mo mọ ẹni tó bá a lọ.

Àbíkẹ́ Peckham
Níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà nínú Highway Code, ìwé ìlànà ojú ọ̀nà wọn, òfin 122, pé kí awakọ̀ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ nínú fíríì. Olùkọ́ mi kò jẹ́ kí n ṣe é rárá nígbà tí mò ń kọ́ ọkọ̀.

Alájọ Mọ́tò
Òkè wo ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò?

Àbíkẹ́ Peckham
Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Wales, ẹ̀gbọ́n mi 😀 Ẹ ó dá fíríì padà fúnra yín.

Tìtí Oǹdó
Déọlá, iná lo béèrè, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa ní Ọ̀rẹ́, oòrùn mú. Mo rí i tí ọwọ́ gééjì ooru kọjá àárín tó ń gòkè lọ. Mo pa ẹ́síì, mo tan hítà sí òpin rẹ̀, mo ṣí gbogbo wíńdò. Àwọn èrò mi bínú, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sè wọ́n ni. Hítà máa ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì wá sínú ọkọ̀, ó dá ọwọ́ gééjì dúró títí mo fi rí àyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbá omi inú ọ̀rá mú, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀ bá mi. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Omi inú ibẹ̀ ń fi agbára wá ọ̀nà jáde, ojú èèyàn ló máa ń bá. A dúró títí tí mo fi lè gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀ láìjó mi, kí a tó ṣí i. Páìpù rọ́bà kan ló ya.

Mẹ́káníìkì Ọ̀ṣogbo
Mo kí yín, mọ̀mì. Ìmọ̀ràn kúkúrú fún aǹtí Déọlá: iná pupa, wá ibi tó dáa dúró sí kíákíá. Iná yẹ́lò, o lè délé, àmọ́ wá wa lọ́la. Tí èyí tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tan pupa, pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, má ní “ilé ò jìnnà mọ́”.

Sàláù Ọjà Ọba
Ta ló kọ́ wa ní dọ́bù pọ́ńtà nínú òjò? Ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, òjò ń rọ̀ kíkan, ọkọ̀ iwájú mi tan iná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo rò pé ó ti dúró, mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ẹ̀yìn mi yọ̀ lórí omi, ó fi díẹ̀ gbá mi. Ẹni tó tan iná ò dúró o, ó ń sáré tirẹ̀ lọ.

Tìtí Oǹdó
Èmi máa ń tàn án kí wọ́n lè rí mi.

Sàláù Ọjà Ọba
Aǹtí, ẹ tan iná iwájú. Tí ẹ bá ti tan án, ti ẹ̀yìn náà ti tàn nìyẹn. Tí dọ́bù pọ́ńtà bá wà lórí, ẹ fẹ́ yà sọ́tùn-ún, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n mọ̀? Kò sí tráfíkétọ̀ mọ́.

Tìtí Oǹdó
Tí òjò bá le tó bẹ́ẹ̀, iná lásán ò hàn. Mi ò tíì gbà.

Gbénga O.
Ti oríta ló ń bí mi nínú. Ẹni tó fẹ́ lọ tààrà á tan dọ́bù pọ́ńtà.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Èyí ti gba ẹsẹ̀ ọlọ́kadà kan lójú mi n'Ìbàdàn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ rẹ ló ń rí. Iná kan ṣoṣo ló rí tó ń ṣẹ́jú, ó gbà pé ọkọ̀ ń yà, ó bọ́ síwájú rẹ̀. Tí o bá ń lọ tààrà, má tan nǹkan kan. Kí Ògún má bá wa jà.

Gbénga O.
Àṣẹ. Bàbá, ìgbà wo lẹ ti ń wakọ̀?

Bàbá Mọ́kọ́lá
Láti ìgbà tí a ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n kó wa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọjọ́ Àìkú Ajíǹde ni.

Gbénga O.
Ní Nàìjíríà yìí? Ẹ má bínú bàbá, mi ò gbọ́ ọ rí.

Àbíkẹ́ Peckham
Òótọ́ ni. Ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́ ni ti òsì. Gbogbo àwọn tó yí wa ká, Bẹ̀nẹ̀, Niger, Chad, Kamẹrúùnù, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Ẹ ò tíì mọ Màjá-Màjá nìyẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 1977 ni wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà nídìí iṣẹ́ yẹn, òun náà sì ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1988. A máa ń bẹ̀rù wọn, àmọ́ a bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọn ọmọ. Kẹ́hìndé mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Bẹ́líìtì tí mo dè mọ́ ọn ló dá a dúró. Mẹ́káníìkì wa ló fi hàn mí pé bọ́tìnnì kékeré kan wà ní etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ ó rí i tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ tì í, ilẹ̀kùn ò ní ṣeé ṣí látinú mọ́, ìta nìkan. Gbogbo òbí tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo tiyín.

Àbíkẹ́ Peckham
Ọlọ́run ṣeun! Níbí, ọmọ gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó ọmọdé títí á fi pé ọdún méjìlá tàbí kó ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ má sì gbé ìjókòó ọmọ ọwọ́ tó kọjú sẹ́yìn sí iwájú ibi tí airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bú jáde tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, wà. Tó bá bú, orí ọmọ ló máa gbá.

Alájọ Mọ́tò
Ọmọ méjì lórí itan ìyá wọn ni mò ń gbé lójoojúmọ́. Ta ló fẹ́ ra ìjókòó fún mi?

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé kò rọrùn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú lórí itan. Ẹ kó wọn sẹ́yìn. Ìyẹn ò ná yín ní nǹkan kan.

Alájọ Mọ́tò
Èyí mo gbọ́.

Fọkanáísà Gbọ̀ngán
Gbogbo yín ò sọ táyà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé táyà tòkunbọ̀ wá fún mi, ara rẹ̀ ń dán, àmọ́ rọ́bà ti kú. Nọ́mbà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ní ìparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ má ra táyà láìwo ibẹ̀.

Gbénga O.
Mo ti jáde lọ wo tèmi báyìí. Mo rí DOT, mi ò rí nọ́mbà mẹ́rin.

Fọkanáísà Gbọ̀ngán
Ó lè jẹ́ apá inú ló kọjú sí. Apá kan ni wọ́n sábà ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Yí sítíárì dópin kí ti iwájú lè yọ síta, tan iná fóònù sí i. Má wọ abẹ́ ọkọ̀.

Gbénga O.
Mo rí i. 3213.

Fọkanáísà Gbọ̀ngán
Oṣù Kẹjọ ọdún 2013 nìyẹn. Má gbé e lọ ọ̀nà jíjìn mọ́, àbúrò. Wo àwọn mẹ́ta yòókù, kí o sì ṣí búútù wo sípíà náà.