Káfíńtà ni Thomas Day, àbí gbẹ́nàgbẹ́nà?

Ẹ̀yin ará, a ń wá ohun tí a ó máa pe Thomas Day lédè Yorùbá, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe àga àti tábìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ti dábàá: agbẹ́gilére, káfíńtà, àti "ẹrú tó gba òmìnira tó ń kan àga". Ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Agbẹ́gilére ò bá a mu rárá. Ère kọ́ ló ń gbẹ́. Àga, tábìlì, ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ló ń ṣe ní Milton, ní North Carolina. Káfíńtà kò burú, àmọ́ ẹni tó ń kan òrùlé náà, káfíńtà là ń pè é. Ẹ wo àwọn òpó ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tí Day ṣe sínú ilé àwọn olóko tábà, bí igi ṣe ká kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Ọnà nìyẹn, gbẹ́nàgbẹ́nà sì lẹni tó ṣe é. Ẹnì kan ní gbẹ́nàgbẹ́nà kì í lo ẹ̀rọ, pé Day ní ẹ̀rọ tí ooru omi híhó ń yí. Ṣé ẹ̀rọ ló ya àwòrán òpó wọ̀nyẹn ni?

Èyí tó ká mi lára jù ni "ẹrú tó gba òmìnira". Wọn ò dá a sílẹ̀ lóko ẹrú kankan. Òmìnira ni wọ́n bí i ní Virginia lọ́dún 1801. Ọ̀rọ̀ náà "òmìnira" ti wà nínú Bíbélì wa fún ẹni tí kì í ṣe ẹrú, kí la tún ń wá kiri?

Àmọ́ kí a má fẹ òmìnira náà lójú jù. Nígbà tó fẹ́ Aquilla Wilson, ọmọ Virginia, lọ́dún 1830, òfin North Carolina kò gba aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira láàyè láti ìpínlẹ̀ mìíràn wọlé. Àwọn Òyìnbó Milton ló kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin kí ìyàwó rẹ̀ tó lè wọ̀lú.

Ní ti ẹni tó ní ká fi "ajàjàgbara" kún un, mi ò gbà. Ní 1850, nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìpínlẹ̀ náà, ẹrú 14 ló wà lórúkọ Day. Kí ẹni náà kọ́kọ́ sọ ohun tí a ó máa pe àwọn yẹn.