Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà tí ẹ sọ ilé di ibi iṣẹ́ ní Òkè Ọya, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Àdùkẹ́ Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, ni mò ń ṣe ní Kubwa ní Àbújá, nínú yàrá ẹ̀yìn tí a máa ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀. Ọdún 2022 ni mo fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tí mo ra àgbá oníke méjì, tábìlì gígùn kan, tí mo sì wá ìyẹ́ adìẹ tí mo fi ń ya ọnà. Mo rò pé owó aṣọ ni yóò pọ̀ jù, àṣé owó omi ni. Aṣọ yáàdì márùn-ún kan ṣoṣo, mo máa ń ṣàn án tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kí ó tó mọ́, ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò bá sì yọ omi, ọwọ́ mai ruwa, àwọn tí ń ta omi kiri, ni mo ti ń rà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ẹ̀yin jáwọ́ nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀? Báwo ni ẹ sì ṣe ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní ìsọ̀ níbì kankan?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Lugbe
Àpótí ìjókòó ni mò ń gbẹ́, igi ni ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, mo ra ìtì igi ní Dei-Dei. Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì tutù, ṣùgbọ́n oníbàárà ti san owó àpótí mẹ́rin, n kò sì fẹ́ kí ó dúró pẹ́. Mo gbẹ́ wọn, mo fi sánpépà ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán, mo fi òróró pa wọ́n lára, mo ya fọ́tò wọn, gbogbo ẹni tí ó rí i ni ó ń yìn mí. Ọyẹ́ dé ní oṣù Kejìlá. Ìyàwó oníbàárà náà pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé àwọn gbọ́ ohun kan tí ó dún gbàmù ní pálọ̀, àwọn sì rò pé gíláàsì fèrèsé ni ó fọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ojú àpótí kan ti là láti etí dé etí, ó sì fẹ̀ tó kí ọmọńdinrín mi wọ inú rẹ̀. Mo dá owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí n tó rí owó ra igi mìíràn. Láti ìgbà náà, igi tí mo bá rà gbọ́dọ̀ lo ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko lábẹ́ ìbòòji kí irinṣẹ́ tó kàn án. Ọ̀rọ̀ ariwo ẹ̀rọ àti onílé tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Kàdúná
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìda tàbí ọ̀dà kun ojú méjèèjì tí wọ́n ti gé ìtì náà, ibẹ̀ ni omi igi ń gbà sá jáde jù.

Aláró Jos
Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí ni ó mú mi dá sí i, nítorí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá kò tíì mọ òtútù. Òṣogbo ni wọ́n ti bí mi, ìdí ìkòkò aró ni ìyá mi sì ti tọ́ mi dàgbà. Iṣẹ́ ọkọ mi ni ó gbé wa wá sí Jos. Ní ọdún 2021, mo ní kí wọ́n fi odindi àpò ẹ̀lú kan, ewé tí a fi ń ṣe aró, ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Mo ra ìkòkò méjì, mo sẹ́ omi eérú bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sẹ́, mo sì rẹ ẹ̀lú sínú rẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá. Ní Òṣogbo, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ìkòkò a ti máa sọ̀rọ̀: ìfòófòó aláwọ̀ aró a bo ojú rẹ̀, omi abẹ́ rẹ̀ a dà bí omi ewé tí ó fẹ́ pọ́n, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo àgbàlá. Ti Jos kò sọ ohunkóhun. Ó pé ọjọ́ méje, ó pé mẹ́wàá, ó pé mẹ́rìnlá, omi náà dúró bí àgbàrá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti gba owó ọgọ́ta yáàdì aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó rí iṣẹ́ mi lórí Instagram. Mo sunkún.

Nígbà tí mo pe ìyá mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé ìwọ fúnra rẹ lè sùn níta láìbora níbẹ̀?” Mo ní rárá. Wọ́n ní, “Kí ni ìkòkò wá ṣẹ̀ tí o fi ní kí ó sùn síta?” Mo gbé ìkòkò méjèèjì wọlé, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn, bí ilẹ̀ bá mọ́, a gbé wọn sí oòrùn, bí ó bá di alẹ́, a gbé wọn sún mọ́ ààrò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ki aṣọ funfun kékeré kan bọ̀ ọ́. Ó jáde ní àwọ̀ ewé, mo nà án sókè, ó sì ń di aró lójú mi bí atẹ́gùn ṣe ń kàn án.

Akínwándé Bwari
Màmá, ìtàn yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mo ń ṣiyèméjì pé òtútù nìkan ni. Eérú ńkọ́? Mo gba eérú ní ilé oníbúrẹ́dì kan rí, kò ní agbára rárá.

Aláró Jos
Mo fi ìka méjì ra omi eérú náà kí n tó rẹ ẹ̀lú, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Eérú dára. Láyé àtijọ́, Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà àwọn aláró, ni wọn ìbá bọ kí aró má baà bàjẹ́. Èmi búláńkẹ́ẹ̀tì ni mo mọ̀.

Ọmọ Sabon Gari
Mo gba ti Màmá Jos. Ẹ lọ wo Kofar Mata níbí ní Kánò, níbi tí wọ́n ní iṣẹ́ aró ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1498. Inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kòtò aró sí, mo sì gbà pé ilẹ̀ náà ni búláńkẹ́ẹ̀tì tiwọn. Àwọn tún máa ń lu aṣọ títí yóò fi máa dán.

Bọ́lá Gwarinpa
Ẹ má bínú sí mi, kọ́sítíìkì àti háídírósì, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ aró, ni èmi ń lò dípò omi eérú. Ní wákàtí kan, aró ti délẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ilé àyágbé kò lè gbé ìkòkò tí ń rùn sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò.

Akínwándé Bwari
Ṣé ẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń rà á?

Bọ́lá Gwarinpa
Mo kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ọnà sí lára, tí wọ́n wá ń pè ní àdìrẹ, ni kí ẹ bá jà. Ọwọ́ ni mo fi ń di tèmi. Ohun tí mo fẹ́ kí Àdùkẹ́ mọ̀ ni pé kọ́sítíìkì ni a máa ń dà sínú omi, a kì í da omi lé e lórí. Mo ṣe òdìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ta sí mi lápá, àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Àdùkẹ́ Kubwa
Kọ́sítíìkì ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Mo da omi rẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó sì pa ewédú ìyá tí a jọ ń gbé ilé. Mo kúnlẹ̀ bẹ wọ́n, mo sì ra irúgbìn mìíràn fún wọn, síbẹ̀ ojú ṣì ń tì mí.

Bọ́lá Gwarinpa
Ẹ má tètè dà á nù. Tí ó bá rẹ̀, háídírósì díẹ̀ máa ń jí i padà.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ Karu
Kò sí ẹni tí ó dáhùn ọ̀rọ̀ títa o. Fọ́tò ni ó fìyà jẹ èmi. Alẹ́ ni mo máa ń ráyè, abẹ́ gílóòbù oníná pupa ni mo sì ti ń ya àwọn ìlẹ̀kẹ̀ mi. Oníbàárà kan ní Ìbàdàn ra ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó. Nígbà tí ó dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní àwọ̀ tí òun rí kọ́ nìyí, òótọ́ ni ó sì sọ. Nísinsìnyí, aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, lórí aṣọ funfun ni mo ti ń yà á. Ẹ̀ẹ̀kejì: ẹ má fi ọjà sọ́kọ̀ ní Utako nítorí pé alẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù yín. Ẹ ṣí àkáǹtì yín wò. Ìlẹ̀kẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni alẹ́ẹ̀tì èké gbà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Kàdúná
Kí ni ó dé tí ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà kì í kọ iye owó sí ara ọjà yín? “Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀,” n kì í bá yín sọ ọ́, mo máa ń kọjá lọ ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Lugbe
Nítorí pé iye igi àná kọ́ ni iye igi òní, àbúrò.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ Karu
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kò tó. Ẹ kọ iye ti òní, kí ẹ yí i padà tí igi bá wọ́n. Ẹni tí ó bá bi mí ní kọ̀rọ̀ máa ń rò pé mo fẹ́ wo ojú òun kí n tó dá iye.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Lugbe
Àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ mi yóò rí iye tèmi, wọn yóò sì dín tiwọn kù sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. N ó ronú sí ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà.

Àdùkẹ́ Kubwa
Mo ti kọ iye sí ara aṣọ mẹ́fà lálẹ́ yìí. Màmá Jos, ẹ dákun, ṣé ẹ lè fi ẹ̀lú díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi? Mo fẹ́ gbìyànjú ìkòkò.

Aláró Jos
Ó wà nílẹ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Kubwa kò tutù tó tiwa lóòótọ́, síbẹ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ ìkòkò kò gbọ́dọ̀ fi ọyẹ́ kọ́ ọ. Pè mí ní oṣù Kẹta, kí o sì ti máa kó eérú jọ.