Ilé mi tó kún: ohun tó ṣiṣẹ́ rèé
Ẹ kú àdúrótì o. Èmi tí mo bèèrè ibi tí kí n ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹrù kún ilé débi pé mo kàn ń wò ó ni tó ń rẹ̀ mí, ẹ ṣé gan-an.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní kí n fi yàrá sílẹ̀ ná, kí n mú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì kan ṣoṣo, kí n da gbogbo inú ẹ̀ sílẹ̀, kí n parí ẹ̀ kí n tó sún mọ́ ibòmíì. Gbogbo ike áísìkiriìmù tí ò lọ́mọrí ti lọ, ọkàn mi balẹ̀, ni mo bá bọ́ sí èkejì.

Ti ẹni tó ní kí n gbé àpò Ghana-must-go kalẹ̀ fún nǹkan ìtọrẹ, díẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ń yọ nǹkan padà nínú ẹ̀, àfìgbà tí mo pe àbúrò mi kó wá gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ti mọ ẹni tó máa gbé e kẹ́ ẹ tó dì í o.

Aṣọ ẹbí ló kù. Àǹkárá rọrùn láti fi tọrẹ, aṣọ òkè màmá mi ni mi ò lè fi sílẹ̀, mo ti kó o sápótí pẹ̀lú kánfọ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan ìwé àti rìsíìtì.