Pentagon ò mọ ibi tẹ́rù ẹ̀ wà, ṣé olè ni àbí àìkọ̀wé?

Àbíkẹ́_Houston: Ẹ̀yin ará ilé ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ. Lọ́dún tó kọjá àwọn agbowó-orí kọ lẹ́tà sí wa nílé torí owó kékeré kan tí ọkọ mi gbàgbé kọ sílẹ̀, wọ́n fi èlé lé e. Ìjọba yìí kan náà, ọdún 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọ́díìtì, ìyẹn àyẹ̀wò ìwé owó àti ẹrù, gbogbo Pentagon tó jẹ́ iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n féèlì, nígbà tó fi máa di 2024 wọ́n ti féèlì lẹ́ẹ̀meje léra wọn! Dúkìá tó ju tirílíọ̀nù dọ́là 4 lọ ló wà lọ́wọ́ wọn o. Ṣé wọ́n ń jí i kó ni?

Ọmọ_Ọ̀yọ́99: Rumsfeld, mínísítà ààbò wọn nígbà yẹn, fẹnu ara ẹ̀ sọ ní September 10, 2001 pé tirílíọ̀nù dọ́là 2.3 ò ṣeé tọpasẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ilé gogoro méjì wó ní New York. Ẹ má bi mí léèrè nǹkan kan 🤐

Bàbá_Sítóò: Ìwọ Ọmọ Ọ̀yọ́, rọra. Kò sọ pé owó sọnù. Àkọsílẹ̀ owó tó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn ló ń sọ, kọ̀ǹpútà wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, dọ́là kan lè yí lọ́nà márùn-ún kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Àbíkẹ́, mo ṣe sítókípà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi mọ̀. Ẹrù tó sọnù nínú ìwé, ó lè wà nílẹ̀ níbẹ̀ kó máa wò yín. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ́díìtì ní kí wọ́n lọ ka ẹrù, wọ́n já wọ sítóò kan ní Jacksonville, ní Florida, tí kò sí nínú ìwé kankan, ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfurufú tówó ẹ̀ tó mílíọ̀nù dọ́là 126 ló wà níbẹ̀, tó fi mọ́ ti F-14, ọkọ̀ òfurufú ogun àtijọ́ kan, bẹ́ẹ̀ wọn ò fò ó mọ́ láti 2006. Kò sólè níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kí ẹrù wà níhìn-ín kẹ́nì kan níbòmíì máa fowó gidi ra irú ẹ̀, kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?

Èyí tó tún wá bí mi nínú ni ti F-35, ọkọ̀ òfurufú ogun wọn tuntun. GAO, àwọn tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ ìnáwó ìjọba wò, sọ ní 2023 pé ẹ̀yà ara ẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 1 ló ti sọnù tàbí bàjẹ́ láti 2018, ó ju mílíọ̀nù dọ́là 85 lọ, ìjọba ò sì tíì yẹ ìdá 2 nínú 100 ẹ̀ wò nígbà yẹn. Ẹ mọ ẹni tó ń bá ìjọba kọ ìwé ẹrù yẹn? Àwọn kọntirátọ̀ fúnra wọn! Ẹni tó ń tajà fún ẹ ló tún ń bá ẹ kà á, ìyá mi tó ń ta ẹ̀wà ò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Tísà_Adé: Àwọn yẹn tiẹ̀ ń jáde wá sọ pé àwọn féèlì. Tiwa ńkọ́? Security vote, owó tí wọ́n ní ti ètò ààbò ni, gómìnà á gbà á, kò sí rìsíìtì, kò sí ọ́dítọ̀ tó máa débẹ̀, Transparency International, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ní 2018 fojú bù ú sí mílíọ̀nù dọ́là 670 lọ́dún. September 2014 ńkọ́, tí South Africa gba mílíọ̀nù dọ́là 9.3 owó kéèṣì tí wọ́n fi bàálù gbé wọ̀lú wọn, tí ìjọba wa ní owó ohun ìjà ni. Inú báàgì o! Mi ò ní kí wọ́n wá sọ iye ìbọn tó wà ní Maiduguri fún mi, àṣírí ogun ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́nì kan wà tó mọ̀ ọ́n.

Àbíkẹ́_Houston: Tísà ẹ ti bà mí lọ́kàn jẹ́ 😩 Bàbá ẹ ṣé sà. Ṣé kò wá sẹ́ni tó yege rárá ni?

Bàbá_Sítóò: Marine Corps, ẹ̀ka kan nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, yege nínú ọ́díìtì ti 2023. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, àwọn ọ́dítọ̀ dé ibùdó tó lé ní 70, wọ́n ń ka ọta, ka ọkọ̀, ka ilé. Pentagon lápapọ̀, òfin fún wọn dìgbà tí 2028 bá parí kí wọ́n fi yege.

Àbíkẹ́_Houston: Ọkọ mi ní kí n bá òun bèèrè bóyá wọ́n ń gbani síṣẹ́ ẹrù kíkà yẹn.