Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta bàtà, àṣé mùsíọ́mù ni mo wà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ìtàn yìí, ojú ló ń tì mí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní Toronto, èmi àti màmá wa la jọ lọ bá a wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kan mo ń rìn lọ lójú títì Bloor, mo rí ilé ńlá kan tó rí bíi páálí bàtà tí wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá kọ Bata sára ẹ̀. Ta ni ò mọ Bata nínú wa? Inú mi dùn, mo ní n ó ra sálúbàtà méjì kí n tó padà s'Ádó. Mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n sanwó. Owó kí n tó wo ọjà kẹ̀! Mo bá béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ pé èló ni bàtà tó wọ́n kéré jù, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní a kì í tà á mà, wíwò ni.

Mùsíọ́mù bàtà! Sonja Bata, ìyàwó ilé Bata yẹn, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kó wọn jọ káàkiri ayé, 1995 ni wọ́n ṣí ilé náà, bàtà tí wọ́n ní lé ní 13,000. (Kí n tó gbàgbé, èmi ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn la ti yá ọ̀rọ̀ "bàtà", irọ́ ni o, orúkọ bàbá tó dá kọ́ńpìnnì yẹn sílẹ̀ ní ìlú Zlín, lórílẹ̀-èdè Czech, ní 1894 ni, ó kàn ṣe kòńgẹ́ tiwa ni.)

Èyí tó dá mi dúró ni bàtà onígi kan láti ilẹ̀ Faransé, irin ṣónṣó-ṣónṣó ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ máa rò pé ohun ìjà ni. Wọ́n ní wọ́n fi ń tẹ èso kan tó ń jẹ́ chestnut ni, kí èèpo ẹ̀ lè bọ́. Mo bá rántí màmá àgbà mi lábẹ́ igi, òkúta méjì, ẹ̀kùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan látàárọ̀ títí oòrùn fi máa kan àtàrí, tí á tún lu ìka ara ẹ̀. Àwọn yẹn gun tiwọn mọ́lẹ̀ ni! Mo jowú, mi ò ní purọ́. Bàtà àwọn obìnrin Ṣáínà tí wọ́n máa ń di lẹ́sẹ̀ láti kékeré láyé àtijọ́ náà wà níbẹ̀, kò gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìyẹn ò ṣeé fi rẹ́rìn-ín, mo yára kúrò níbẹ̀.

Ẹ sọ tiyín o.

Bọ̀dá Ìjerò: Tèmi le ju tiyín lọ àǹtí. Ṣalángá. Ní Delhi. Bàbá mi la gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú, lọ́jọ́ tí ọwọ́ wa dilẹ̀ dírẹ́bà ní òun fẹ́ gbé wa lọ sí mùsíọ́mù ilé ìgbẹ́, mo rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bindeshwar Pathak ló dá a sílẹ̀ ní 1992. Wọ́n ṣe àga kan síbẹ̀ tó jọ ti Louis kẹrìnlá ọba Faransé, póò wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ní á jókòó lé e á sì máa bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ lọ. Bàbá mi ní ìjòyè wo l'Ékìtì ló máa jókòó ti òórùn yẹn? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ṣalángá oníhò méjì tí Pathak ṣe, pé tí ọ̀kan bá kún wọn á yí i sí èkejì, èyí tó kún á gbẹ di ajílẹ̀, kẹ́nì kan má bàa fọwọ́ kó ìgbẹ́ ẹlòmíì mọ́, bàbá dákẹ́. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n tó sọ pé àwọn máa ń kọrin bú agbépóò ní Èkó láyé ọjọ́un, pé àwọn ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀yin rí bàtà, ẹ rí ṣalángá, èmi, ilẹ̀kùn ààfin wa ni mo rí ní London, ní British Museum. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, Ògògà, ọba wa, jókòó, òyìnbó ń bọ̀ wá kí i. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, àwọn òyìnbó fẹ́ rà á, kábíyèsí ò gbowó, àga ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àga lásán! Mo wò yíká, mo rọra ní "àgò onílé o". Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, o pa mí lẹ́kún. Mo ti pe màmá mi lálẹ́ àná pé kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni la odó màmá àgbà tó wà lẹ́yìnkùlé fi dáná, torí ó ti sán. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, adìyẹ ti sàba sínú ẹ̀, ta ló fẹ́ lọ bá a jà?