Ohun tójú mi rí lọ́wọ́ láptọ́ọ̀pù tí mẹ́mọ́rì ẹ̀ ò tó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń lo láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tó máa fọ́máàtì ẹ̀.

Ìwé ni mo ń bá àwọn ọmọ iléèwé tẹ̀ n'Íbàdàn, láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni mo fi ń ṣe é, RAM ẹ̀, ìyẹn mẹ́mọ́rì tó fi ń ṣiṣẹ́, ò ju 2GB lọ, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ń tẹ próójẹ́ẹ̀tì ọmọ kan, ó ti lé ní ọgọ́rin ojú ewé, àwòrán kúnnú ẹ̀, mo tún ṣí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni nǹkan bá yọ lójú síkírínì: "Your computer is low on memory". Kí n tó mọ̀, gbogbo ẹ̀ ti funfun báláú, mouse ò rìn mọ́, iná hard disk kàn tàn kalẹ̀ ni kò ṣẹ́jú. Iṣẹ́ wákàtí méjì wọgbó, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn ń bọ̀ wá gbà á láàárọ̀!

Ẹni tí mo gbé e lọ bá ní vírọ́ọ̀sì ni, ó fọ́máàtì ẹ̀, mo sanwó, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo wa la máa ń sọ pé "mẹ́mọ́rì mi ti kún" tí fọ́tò bá pọ̀ lórí fóònù wa? Èmi náà bá lọ ń pa fíìmù rẹ́ lórí D (hard disk tèmi pín sí C àti D), mo pa á títí, pàbó. RAM ni kọ̀ǹpútà ń wí o. Tábìlì tí télọ̀ fi ń gé aṣọ ni RAM, àpótí tó ń kó aṣọ sí ni hard disk. Tí tábìlì bá kún, Windows á yá àyè díẹ̀ nínú àpótí, fáìlì tó fi ń yá a ń jẹ́ pagefile, orí C ló sì sábà máa ń wà. Mo wo C tèmi, 800MB péré ló kù. Kò wá síbi tó fẹ́ yá mọ́!

Mo kó Downloads lọ sórí D. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager ṣí, mo wo abẹ́ Startup, mo dá gbogbo ètò tó ń dédé ṣí fúnra ẹ̀ tí mo bá tan kọ̀ǹpútà dúró, táàbù tí mò ń ṣí náà ò ju mẹ́ta lọ mọ́. Ó ṣì ń fà díẹ̀ o, àmọ́ láti ìgbà yẹn iṣẹ́ kankan ò tíì sọ nù.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi, orí RAM tí mo lọ rà ló ti ṣẹlẹ̀. Mo fi 2GB kún 2GB tó wà níbẹ̀, mo tàn án, ó ní 4GB lóòótọ́ àmọ́ 2.93GB ló ṣeé lò. Inú bí mi, mo padà lọ bá ẹni tó tà á, díẹ̀ ló kù ká jà, àṣé kò jẹ̀bi rárá. Windows 32-bit ni wọ́n fi sínú ẹ̀, kò lè lò ju 4GB lọ, inú 4GB yẹn náà ni wọ́n sì ti ń yọ ti síkírínì àtàwọn nǹkan mìíràn sọ́tọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an. Torí náà ẹ lọ sí Settings, System, About, kẹ́ ẹ wo "System type" kẹ́ ẹ tó náwó. Tẹ́ ẹ bá rí x64 níbẹ̀, Windows 64-bit, èyí tó lè lo RAM tó ju 4GB lọ, á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kó fáìlì yín jáde ná, torí àfi kí wọ́n fi Windows sí i látìbẹ̀rẹ̀.