Kí n parí sẹ́ẹ̀tì owó ẹyọ béárì 1990, àbí kí n máa kó ẹranko mìíràn?

Àbúrò Akówójọ:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n fún mi ní owó ẹyọ platinum (irin iyebíye kan tó jọ fàdákà) ti Kánádà, proof (èyí tí wọ́n dán gidi fún àwọn akówójọ) ọdún 1990, tí wọ́n kọ dọ́là 30 sí lára, èyí tí béárì funfun ń lúwẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀. Ara béárì náà rí hẹ́úhẹ́ú, gbogbo àyíká rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Ọkàn mi ti lọ síbẹ̀. Ṣé kí n wá mẹ́ta tó kù, dọ́là 75, 150 àti 300, àbí kí n máa ra dọ́là 30 ọdún mìíràn: òwìwí 1991, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ 1993? Apá mi ò ká méjèèjì. Àmì ìka sì wà lójú rẹ̀. Ṣé kí n fi aṣọ rírọ̀ nù ún?

Bàbá Òṣùwọ̀n:
Má nù ún o! Wọ́n ti dán òǹtẹ̀ àti owó náà kí wọ́n tó lù ú, wọ́n sì lù ú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bó ti wù kí aṣọ rọ̀ tó, á fa ilà tín-ínrín sí i, ilà yẹn ò sì ní lọ mọ́ láéláé. Platinum kì í dúdú bíi fàdákà, kí ló ń lé ẹ?

Ní tèmi, parí béárì. Robert Bateman, ayàwòrán ẹranko ará Kánádà, ló ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwòrán wọn ò sì jọra. Dọ́là 30 ò fẹ̀ ju mílímítà 16 lọ. Ti dọ́là 300 fẹ̀ tó mílímítà 30, ìyá béárì àti ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ra kékeré nìkan ń kó orúkọ ẹranko jọ ni.

Ọmọ Àwòdì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, mi ò gbà. Platinum inú dọ́là 300 jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti 30, owó rẹ̀ náà sì ń tẹ̀ lé e. Kí ọmọ yìí máa wo béárì kan ṣoṣo títí di ìgbà wo? Èmi ní òwìwí, mo ní ìkookò 1998, awò amúǹkan-tóbi ni mo fi ń wò wọ́n, iyẹ́ òwìwí hàn kedere. Àbúrò, kó o tó sanwó, ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 3.11 ni kí dọ́là 30 wọ̀n. Fàdákà tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ ò ní wúwo ju bí ìdajì lọ.

Àbúrò Akówójọ:
Ẹ ṣeun, mi ò ní nù ún. Ìyá béárì yẹn ló wù mí báyìí. Ṣé wọ́n ń ta òun nìkan?

Bàbá Òṣùwọ̀n:
Àwọn kan máa ń tú sẹ́ẹ̀tì tà. Bí kò bá ní àpótí, dúnàá-dúrà dáadáa. Gíráàmù 31.1 ni kó wọ̀n.